Paul Merrill: onímọ̀ tó ka ìmọ́lẹ̀ àwọn ìràwọ̀ àgbà àti ti gáàsì tó wà láàárín wọn

Paul Willard Merrill jẹ́ onímọ̀ nípa ìràwọ̀, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n bí i ní ìlú Minneapolis ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 1887, ó sì kú ní Los Angeles ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 1961. Láti ọdún 1919 títí di ọdún 1952 tó fẹ̀yìn tì, ibì kan ṣoṣo ló ti ṣiṣẹ́, ìyẹn ilé ìwòràwọ̀ Mount Wilson, tó wà lórí òkè lẹ́bàá ìlú Pasadena ní California. Ohun méjì ló gbájú mọ́ jù lọ: àwọn ìràwọ̀ tó ti dàgbà tí wọ́n ń sún mọ́ òpin ayé wọn, àti gáàsì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà nínú òfuurufú láàárín ìràwọ̀ kan sí òmíràn.

A mọ̀ pé orúkọ rẹ̀ kò gbajúmọ̀ láàárín wa. Tí a bá dárúkọ Galileo tàbí Einstein, ọmọ iléèwé girama á mọ ẹni tí à ń sọ. Tí a bá dárúkọ Merrill, olùkọ́ gan-an lè má mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí iṣẹ́ rẹ̀ fọwọ́ kàn jẹ́ èyí tí ọmọdé máa ń bi bàbá rẹ̀: irin tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, kálísíọ́ọ̀mù tó wà nínú egungun wa, òjé tó wà nínú bátìrì mọ́tò, níbo ni gbogbo rẹ̀ ti kọ́kọ́ wá? Kó tó di ọdún 1952, àbá lásán ni àwọn onímọ̀ ń dá lórí rẹ̀. Àwọn kan ní àárọ̀ ọjọ́ ayé ni gbogbo èròjà ti wà tán, kò sí tuntun mọ́. Àwọn mìíràn ní inú ìràwọ̀ ni wọ́n ti ń sè wọ́n, wọ́n sì ń sè wọ́n títí di òní. Kò sí ẹni tó ní ẹ̀rí tí a lè fi ojú rí. Merrill ló gbé ẹ̀rí àkọ́kọ́ kalẹ̀, kì í sì í ṣe pé ó wá a lọ.

A mọ̀ọ́mọ̀ lo ọ̀rọ̀ náà "sè", a kò lo "dá". Ọlọ́hun ló ń dá nǹkan. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń sọ̀rọ̀ lé lórí ni ibi tí ohun tí Ó dá ti ń kọjá, àti bó ṣe ń yí padà láti ipò kan sí èkejì.

Bí a ṣe ń ka ìmọ́lẹ̀

Báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ ohun tó wà nínú ìràwọ̀ láìdé ibẹ̀? Tí ìmọ́lẹ̀ bá gba inú gíláàsì onígun mẹ́ta kọjá, yóò tú sí oríṣiríṣi àwọ̀ bíi ti òṣùmàrè. Tí a bá wá na òṣùmàrè ìràwọ̀ yẹn gùn gidigidi, a ó rí i pé àwọn ìlà dúdú tín-ín-rín pọ̀ nínú rẹ̀. Èròjà kọ̀ọ̀kan ló ni ìlà tirẹ̀, ojú kan náà ni wọ́n sì máa ń wà níbikíbi tí èròjà náà bá wà. Ó dà bí ìgbà tí àwọn àgbà wa bá wo ilà ojú ẹnì kan, tí wọ́n á mọ ibi tí wọ́n ti bí i kó tó la ẹnu. Irin ní ilà tirẹ̀, sódíọ́ọ̀mù tó wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀ ní tirẹ̀, kálísíọ́ọ̀mù náà ní tirẹ̀. Ẹni tó bá ti wọn ilà wọ̀nyí dáadáa nínú yàrá ìwádìí láyé níbí lè wá wọn lọ nínú ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀.

Ìmọ́lẹ̀ náà tún máa ń sọ bí ìràwọ̀ ṣe ń rìn. Bí ìràwọ̀ bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, gbogbo ìlà rẹ̀ á sún díẹ̀ sí ìhà búlúù; bó bá ń lọ, wọ́n á sún sí ìhà pupa. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí òun ló máa tú àṣírí gáàsì fún wa níwájú.

Láti Stanford dé orí òkè

Merrill gba oyè àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Stanford ní ọdún 1908, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì California ní ọdún 1913. Ó ṣe olùkọ́ ní Michigan. Nígbà tó di ọdún 1916, ó lọ ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí òṣùwọ̀n, National Bureau of Standards, ní Washington. Ọdún méjì péré ló lò níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó kọ́ níbẹ̀ ló bá a lò títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ní ìgbà náà, gíláàsì tí wọ́n fi ń ya fọ́tò kì í rí ìmọ́lẹ̀ pupa dáadáa. Búlúù ló mọ̀ ọ́n rí. Ní Washington ni Merrill ti mọ bí wọ́n ṣe ń fi oògùn aláwọ̀ pa gíláàsì náà kó lè rí pupa, kó sì rí èyí tó kọjá pupa tí ojú ènìyàn kò lè rí. Ìràwọ̀ tó ti dàgbà, pupa ni wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ wọ́n, tí gíláàsì rẹ̀ kò rí pupa, bí ẹni tó ń wo ọjà láti ẹ̀yìn fèrèsé ni.

Ní Mount Wilson, awò-awọ̀nàjíjìn tó tóbi jù lọ láyé nígbà náà ni wọ́n gbé kalẹ̀. Gíláàsì rẹ̀ fẹ̀ tó ínǹṣì 100, ìyẹn nǹkan bíi mítà méjì àtààbọ̀, ọdún 1917 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó. Ibẹ̀ náà ni Edwin Hubble ti ń ṣiṣẹ́ ní àkókò yẹn, tó ń wọn bí àwọn àgbájọ ìràwọ̀ ṣe jìnnà tó. Òkìkí Hubble kàn káàkiri ayé. Merrill ní tirẹ̀ jókòó ti ìràwọ̀ pupa. Onímọ̀ á wà nínú òtútù òru lórí òkè, á máa tọ́ ẹ̀rọ sọ́nà fún ọ̀pọ̀ wákàtí kí ìràwọ̀ kan ṣoṣo má baà kúrò lójú gíláàsì. Tó bá wá di ojúmọmọ, á fi ẹ̀rọ wọn ìlà tó wà nínú fọ́tò náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Irú iṣẹ́ yìí ni ọkùnrin yìí ṣe fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.

Àwọn ìràwọ̀ tó ti dàgbà

Oòrùn wa fúnra rẹ̀ ìràwọ̀ ni, ọjọ́ orí rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù 4.6 ọdún. Háídírójìn ló ń jó nínú ikùn rẹ̀, tó ń di hílíọ́ọ̀mù. Nígbà tí háídírójìn àárín ìràwọ̀ bá tán, kì í kú lẹ́ẹ̀kan náà. Inú rẹ̀ á fún pọ̀, á sì gbóná sí i; ara rẹ̀ lóde á wú, á tutù díẹ̀, á sì pọ́n. Ìràwọ̀ tó wà ní ipò yìí ni wọ́n ń pè ní òmìrán pupa.

Ọmọ ilé kéwú mọ díẹ̀ nínú wọn ní orúkọ láìmọ̀ pé òun mọ̀ wọ́n. Èyí tí àwọn Òyìnbó ń pè ní Aldebaran, ad-Dabarān ni, "ẹni tó ń tẹ̀ lé", nítorí pé ó ń tẹ̀ lé ath-Thurayyā kọjá lójú sánmà. Ìràwọ̀ àgbà ni, fífẹ̀ rẹ̀ sì ju ti oòrùn wa lọ ní ìlọ́po ogójì àti díẹ̀. Betelgeuse náà wá láti inú Yad al-Jawzāʾ, "ọwọ́ al-Jawzāʾ". Àwọn tó ń da ìwé Lárúbáwá kọ sí èdè Látìnì ló ṣi yāʾ kà sí bāʾ. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ nílé kéwú, ẹ fi hàn wọ́n: tóótòótó kan tó dín lábẹ́ lẹ́tà ló yí orúkọ ìràwọ̀ padà kárí ayé títí di òní. ʿAbd ar-Raḥmān aṣ-Ṣūfī, tó kú ní ọdún 986, ti ṣe àpèjúwe àwọn ìràwọ̀ wọ̀nyí nínú ìwé rẹ̀ lórí àwọn ìràwọ̀ tí kò kúrò lójú kan, ó sì mẹ́nu kan ìkùukùu kékeré kan ní agbègbè tí àwọn Lárúbáwá ń pè ní al-Marʾah al-Musalsalah, obìnrin tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè. Orúkọ tí ayé ń pe agbègbè yẹn lónìí ni Andromeda. Ibẹ̀ náà ni ìràwọ̀ tó sọ Merrill di ẹni àpéwò wà.

Nínú àwọn òmìrán pupa, àwọn kan wà tí ìmọ́lẹ̀ wọn máa ń pọ̀ tó sì máa ń dín, bí ẹni tó ń mí sínú tó tún ń mí sóde, ṣùgbọ́n èémí kan lè gba ọdún kan. David Fabricius ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí irú èyí ní ọdún 1596, lára ìràwọ̀ tí wọ́n wá sọ ní Mira. Ọjọ́ 332 ni Mira fi ń lọ tó fi ń bọ̀. Àwọn wọ̀nyí ni Merrill fi ṣe ẹni mímọ̀, ó sì kọ ìwé kan lé irú ìràwọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí ní ọdún 1938. Ní ọdún 1922, ó ti ya díẹ̀ nínú àwọn ìràwọ̀ pupa sọ́tọ̀ sí ẹgbẹ́ tuntun, ó sì fi lẹ́tà S sọ wọ́n lórúkọ. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé lójú àwọn òmìrán pupa yòókù, ilà titanium tó bá ọ́síjìn pọ̀ ló máa ń hàn. Lójú àwọn ẹgbẹ́ S, ilà zirconium tó bá ọ́síjìn pọ̀ ni. Zirconium wúwo ju titanium lọ, kò sì pọ̀ tó o. Kí ló gbé e dé ibẹ̀ lọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀? Kò sí ẹni tó mọ̀. Merrill kọ ọ́ sílẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ. Ọgbọ̀n ọdún kọjá.

Èròjà tí kò yẹ kó wà níbẹ̀

Nínú àtẹ èròjà tí àwọn ọmọ iléèwé máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri, àyè kan wà ní ipò 43 tó ṣófo fún ìgbà pípẹ́. Mendeleev ti sọ ọ́ ní ọdún 1871 pé ohun kan yẹ kó wà níbẹ̀. Wọ́n wá a nínú òkúta, wọ́n wá a nínú ilẹ̀, wọn kò rí i. Ní ọdún 1925 àwọn kan ní Jámánì kéde pé àwọn ti rí i, ṣùgbọ́n kò sí ẹlòmíràn tó lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ní ọdún 1937 ni Carlo Perrier àti Emilio Segrè rí i ní ìlú Palermo ní Ítálì, nínú irin molybdenum kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ láti California, tí ẹ̀rọ ńlá kan ti fi ìtànṣán lù. Ọwọ́ ènìyàn ló mú un jáde. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní teknísíọ́ọ̀mù, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí ohun àtọwọ́dá. Lónìí, àwọn ilé ìwòsàn ńlá ń fi ẹ̀yà rẹ̀ kan wo egungun àti ọkàn aláìsàn.

Ìdí tí wọn kò fi rí i nínú ilẹ̀ ni pé kì í pẹ́. Kò sí ẹ̀yà teknísíọ́ọ̀mù kankan tó dúró pẹ́ títí. Gbogbo wọn ló ń yí padà di èròjà mìíràn. Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní 99. Bí a bá ní ife mẹ́wàá rẹ̀ lónìí, márùn-ún péré ló máa ṣẹ́ kù lẹ́yìn nǹkan bí 211,000 ọdún. Lẹ́yìn iye ọdún yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i, á ku méjì àtààbọ̀. Èyí tó lálòpẹ́ jù nínú gbogbo ẹ̀yà rẹ̀, mílíọ̀nù mẹ́rin ọdún àti díẹ̀ ló fi ń dín sí ìdajì. Lójú wa, ọjọ́ yẹn jìnnà. Ṣùgbọ́n bílíọ̀nù 4.5 ọdún ni ilẹ̀ ayé ti wà. Teknísíọ́ọ̀mù yòówù kó ti wà ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ó ti tán tipẹ́.

Ní ọdún 1950, William Meggers àti Bourdon Scribner wọn ilà teknísíọ́ọ̀mù, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ibo ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́? Ní National Bureau of Standards, ilé-iṣẹ́ tí Merrill ti fi sílẹ̀ ní ọdún méjìlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn. Merrill gba ìwọ̀n náà, ó sì gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìmọ́lẹ̀ R Andromedae, ọ̀kan nínú àwọn ìràwọ̀ ẹgbẹ́ S tó fúnra rẹ̀ yà sọ́tọ̀. Àwọn ìlà tó wà ní 4238, 4262 àti 4297 lórí òṣùwọ̀n Ångström bá ara wọn mu rẹ́gí. Ó wo àwọn ìràwọ̀ S mìíràn, ó rí i níbẹ̀ náà. Ní ọdún 1952, ọdún tó fẹ̀yìn tì, ó kéde rẹ̀.

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ náà ṣe le tó. Ìràwọ̀ tó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún, tí bílíọ̀nù kan kò tó kà, ló ní èròjà tí kì í ju mílíọ̀nù ọdún mélòó kan lọ nínú ara. Bí o bá wọ ilé arúgbó, tí o bá ẹ̀kọ gbígbóná nínú ìkòkò, o kò ní sọ pé àná ni wọ́n ti sè é.

Síbẹ̀ Merrill kò sáré. Nínú àpilẹ̀kọ ṣókí tó fi ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn Science, ọ̀nà mẹ́ta ló là sílẹ̀. Bóyá ẹ̀yà teknísíọ́ọ̀mù kan wà tó ń dúró pẹ́ títí, tí a kò tíì rí láyé níbí. Bóyá ìràwọ̀ wọ̀nyí ń mú un jáde bí wọ́n ṣe ń lọ. Tàbí bóyá ipò S jẹ́ ipò tí ìràwọ̀ kì í pẹ́ níbẹ̀. Kò fi agbára mú ẹnikẹ́ni gba èyí tó wù ú. Àwa tí a jókòó lẹ́sẹ̀ àwọn àáfáà mọ irú ìwà yìí: ohun tí olùgbàròyìn gbọ́ wà lọ́tọ̀, àlàyé tó ṣe lórí rẹ̀ wà lọ́tọ̀, kò sì gbọ́dọ̀ da méjèèjì pọ̀. Ó wù wá kí àwọn tó ń fi "ìwádìí sáyẹ́ǹsì" ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tí wọ́n ń so ó mọ́ āyah tó bá ṣáà ti dé ọwọ́ wọn, kọ́ ìsọ́raṣe díẹ̀ lára ọkùnrin yìí.

Ọ̀nà kejì ló padà di òtítọ́ lójú àwọn onímọ̀. Ní ọdún 1957, Margaret Burbidge, Geoffrey Burbidge, William Fowler àti Fred Hoyle tẹ àpilẹ̀kọ gígùn kan jáde tó ṣàlàyé bí èròjà ṣe ń ti inú ìràwọ̀ jáde, teknísíọ́ọ̀mù Merrill sì jẹ́ ọ̀kan nínú òpó tí wọ́n fi gbé e ró. Àlàyé náà kò le: nínú ikùn ìràwọ̀ àgbà, átọ́ọ̀mù irin tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ máa ń gba nútírọ́ọ̀nù mọ́ra lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ ọdún sì lè wà láàárín ọ̀kan sí èkejì. Bó bá gbà ju bó ṣe lè gbé lọ, ọ̀kan nínú wọn á di pírótọ́ọ̀nù, átọ́ọ̀mù náà á sì bọ́ sí ipò tó tẹ̀ lé e nínú àtẹ. Báyìí ni yóò ṣe máa gun òkè: zirconium, teknísíọ́ọ̀mù, barium, títí dé òjé. Lẹ́yìn náà ni ìràwọ̀ á máa yí ohun tó wà nísàlẹ̀ wá sókè, bí ẹ̀kọ tó ń hó lórí iná, tí a ó fi rí i lójú rẹ̀. Irin àti kálísíọ́ọ̀mù tí a fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa kì í ṣe láti irú ìràwọ̀ yìí gan-an. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wá láti inú àwọn ìràwọ̀ tó bú gbàmù. Ṣùgbọ́n òjé inú bátìrì yẹn, púpọ̀ nínú rẹ̀ gba inú ìràwọ̀ bíi R Andromedae kọjá.

Ní ọdún 1969, òkúta kan já láti òfuurufú sí ìlú Murchison ní Ọsirélíà. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti rí eruku tín-tìn-tín tó ti wà kí oòrùn wa tó wà, tí irú ìràwọ̀ àgbà bẹ́ẹ̀ fẹ́ jáde. Ní ọdún 2004, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé eruku náà ní ruthenium ẹ̀yà 99 ju bó ṣe yẹ lọ, ruthenium yìí sì ni teknísíọ́ọ̀mù 99 máa ń yí padà dì. Teknísíọ́ọ̀mù náà ti lọ, ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Gáàsì tó wà láàárín ìràwọ̀

Iṣẹ́ kejì Merrill kò gba òkìkí tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n òun ni a fẹ́ràn jù.

Ní àsìkò ọyẹ́, lẹ́yìn ìrun ìṣáì, ẹni tó bá gbójú sókè á rí ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ lójú sánmà. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Mintaka, ó wá láti al-minṭaqah, ìgbànú. Ìràwọ̀ Mintaka kì í dá wà. Òun àti ẹnìkejì rẹ̀ ń yí ara wọn po ní ọjọ́ mẹ́fà ó dín díẹ̀, nítorí náà ìlà rẹ̀ máa ń sún síwá sún sẹ́yìn. Ní ọdún 1904, Johannes Hartmann ní Potsdam ní Jámánì rí i pé ìlà kálísíọ́ọ̀mù kan wà láàárín wọn tí kì í mira. Ó pinnu pé ìlà náà kì í ṣe ti ìràwọ̀: gáàsì kan ló wà lójú ọ̀nà láàárín àwa àti ìràwọ̀ náà tó ń fi àmì sára ìmọ́lẹ̀ tó ń kọjá. Báyìí ni ayé ṣe mọ̀ pé àárín àwọn ìràwọ̀ kò ṣófo.

Ní ọdún 1922, Mary Lea Heger ní ilé ìwòràwọ̀ Lick kọ̀wé nípa ìlà méjì mìíràn, ní 5780 àti 5797. Wọn kò tín-ín-rín bíi ti kálísíọ́ọ̀mù. Wọ́n fẹ̀, etí wọn sì ṣú. Merrill gbé wọn yẹ̀ wò láti ọdún 1934. Ó fi 6284 àti 6614 kún un. Ó fi hàn pé bí ìràwọ̀ bá ṣe jìnnà tó ni ìlà náà ṣe ń jinlẹ̀ sí i. Ó tún wo ìràwọ̀ oníbejì kan, ó sì rí i pé nígbà tí ìlà ìràwọ̀ ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, àwọn wọ̀nyí dúró sójú kan. Kò sí àní-àní mọ́: inú gáàsì àárín ìràwọ̀ ni wọ́n wà. Ṣùgbọ́n ilà ta ni? Merrill wo gbogbo èròjà tí wọ́n ti wọn, kò sí èyí tó bá a mu. Orí àpilẹ̀kọ rẹ̀ ti ọdún 1934 sọ ọ́ ní gbangba pé ìlà tí a kò mọ olówó rẹ̀ ni wọ́n. A ò mọ iye ènìyàn tó lè fi irú àkọlé bẹ́ẹ̀ sórí iṣẹ́ ara rẹ̀.

Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni apá méjèèjì iṣẹ́ rẹ̀ pàdé. Harry Kroto, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń wá bí kábọ̀nù ṣe ń so pọ̀ lára àwọn ìràwọ̀ àgbà tí kábọ̀nù pọ̀ nínú wọn. Ní ọdún 1985, òun, Robert Curl, Richard Smalley àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ń dán irú ipò bẹ́ẹ̀ wò nínú yàrá ìwádìí ní Texas, wọ́n sì ṣe kòńgẹ́ átọ́ọ̀mù kábọ̀nù 60 tó so pọ̀ rogodo bíi bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní ọdún 1996. Ní ọdún 1994, Bernard Foing àti Pascale Ehrenfreund rí ìlà méjì kan ní ìhà tó kọjá pupa, ní 9577 àti 9632, wọ́n sì dá a lábàá pé ti bọ́ọ̀lù kábọ̀nù yìí ni, nígbà tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan bá ti kúrò lára rẹ̀. Ní ọdún 2010, wọ́n rí bọ́ọ̀lù náà fúnra rẹ̀ nínú gáàsì tí ìràwọ̀ arúgbó kan tú sílẹ̀. Ní ọdún 2015, ikọ̀ John Maier ní Basel ní Siwisilandi mú un tutù dé ibi tí òtútù òfuurufú dé, wọ́n wọn ilà rẹ̀, ó sì bá 9577 àti 9632 mu.

Nítorí náà ohun tí ìràwọ̀ àgbà fẹ́ jáde ló ń fi àmì sára ìmọ́lẹ̀ nínú gáàsì àárín ìràwọ̀, ó kéré tán fún àwọn ìlà yẹn. Merrill wo ìràwọ̀ àgbà lọ́tọ̀, ó wo gáàsì lọ́tọ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó lè so wọ́n pọ̀ fún un nígbà ayé rẹ̀.

Àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kò fojú di í. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ Henry Draper ní ọdún 1945 àti ti Bruce ní ọdún 1946, ó sì ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti ọdún 1956 sí 1958. Lára iṣẹ́ rẹ̀ yòókù ni àkójọ àwọn ìràwọ̀ gbígbóná tí háídírójìn wọn ń tàn, èyí tó ṣe pẹ̀lú Cora Burwell. Òun náà ló mú orúkọ "symbiotic" wá fún ìràwọ̀ méjì tó ń gbé pọ̀, tí ọ̀kan tutù tó sì pọ́n, tí èkejì gbóná. Kòtò kan wà lára òṣùpá, ní ẹ̀yìn rẹ̀ tí a kì í rí láti ayé, tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Àwọn irú ìlà tí Heger bẹ̀rẹ̀ sí í kà, iye wọn ti ju 500 lọ báyìí. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó jẹ́ ti bọ́ọ̀lù kábọ̀nù nìkan ni wọ́n mọ olówó wọn. Ìlà 5780, 5797, 6284 àti 6614 tí Merrill kọ sílẹ̀ ní ọdún 1934, títí di àkókò tí à ń kọ èyí, kò tíì sí ẹni tó mọ ilà ta ni.